Bẹ́ẹ̀ Ni Sà Tí Mo Wí Ní Ìbàdàn

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí à ń retí èsì, kò sì tíì dé. Tóóní, ọmọ àbúrò mi obìnrin, ló ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní Ìlú Ọba, àmọ́ èmi ni mi ò lè jẹun. Bí fóònù bá dún nínú ilé yìí, àyà mi á já. Ọmọ náà a máa fi mí rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, èmi ni mo ṣe intafíù o, kì í ṣe ẹ̀yin."

Kí ọwọ́ mi má baà ṣófo ni mo ṣe jókòó kọ èyí, fún ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń rò ó bóyá kí ẹ yan iṣẹ́ kíkọ ètò kọ̀ǹpútà. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi ṣe é kí n tó fẹ̀yìn tì sí Ìdó-Ọ̀ṣun níbí. Iṣẹ́ náà dára, ó sì ń dẹ́rù bani. Ẹni tó bá sọ ọ̀kan fún yín tí kò sọ èkejì, ẹ má gbà á gbọ́ tán.

Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá mi, ní abúlé kan lẹ́yìn Iléṣà, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì paraku sì ni. Bí wọ́n bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Àìkú, àwọn àgbà ẹbí á jókòó ní pálọ̀ wa, wọ́n á máa yanjú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ìyàwó. Àwa ọmọ la máa ń gbé omi. A kì í dá sí i, àfi bí a bá kọ́kọ́ tọrọ àyè. Ọmọ tó bá fẹ́ pòwe níwájú àgbà á kúnlẹ̀, á pa á, á sì fi kún un pé, "Tótó ó ṣe bí òwe o." Àwọn àgbà á dáhùn pé, "Wàá rí òmíràn pa," ìyẹn ni pé ẹ̀mí rẹ á gùn dé ọjọ́ tí wàá pa òmíràn. Bàbá mi kò fi ìdáhùn yẹn ṣeré. Ó ní àgbà tó bá gbọ́ tótó tó dákẹ́, bí ẹni tó ṣẹ́ èpè lé ọmọ ọlọ́mọ ló rí. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ fún mi, mo máa padà gbà á lọ́wọ́ yín.

Bí mo ṣe ríṣẹ́ kò gùn. Mo jáde ní yunifásítì, mo kọ lẹ́tà, ọkùnrin kan bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè. Ẹ̀yin tí wọ́n ń fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò lẹ́ẹ̀marùn-ún kí wọ́n tó gbà yín, ẹ má bínú sí mi. Ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń kó oògùn wọlé láti òkè òkun ni, orílé-iṣẹ́ wọn wà ní Ìbàdàn, wọ́n sì ń pín oògùn dé gbogbo ìlú wa. Ètò kọ̀ǹpútà wa ló ń sọ oògùn tó yẹ kó lọ sí ìlú wo, àti èyí tí ọjọ́ ti kọjá lórí rẹ̀ tó yẹ kí a dáná sun.

Odindi yàrá kan ni kọ̀ǹpútà yẹn gbà. Ó ń gbóná, nítorí náà wọ́n ń fi ẹ̀rọ amúlétutù bọ́ ọ tọ̀sán-tòru. Súwẹ́tà ni mo máa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ nínú oòrùn ọ̀gbẹlẹ̀, àwọn ará ilé wa sì ń bi mí léèrè bóyá ibà ń ṣe mí.

Ọ̀gá Akínlabí ló kọ́ mi níṣẹ́. Ọkùnrin kúkúrú ni, a máa wọ táì lójoojúmọ́, bírò pupa kan kì í sì í kúrò lápò rẹ̀. Kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀rọ fún oṣù mẹ́rin gbáko. Pẹ́ńsù ni mo fi ń kọ ètò sórí ìwé, màá wá dúró níwájú rẹ̀, màá kà á sókè ní ìlà kọ̀ọ̀kan bí ọmọ ilé-ìwé Sunday tó ń ka ẹsẹ Bíbélì. Bí mo bá ṣi ọ̀kan kà, á fi bírò pupa fagi lé gbogbo ojú ìwé náà, á ní kí n lọ tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo kọ iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀mọ́kànlá.

"Ohun tó wà níbẹ̀ ni kó o kà," ló máa ń wí. "Má ka ohun tó wà lọ́kàn rẹ. Ẹ̀rọ yìí kì í ṣe ìyá rẹ. Ìyá rẹ mọ ohun tó o fẹ́ sọ. Ohun tó o sọ ni ẹ̀rọ máa ṣe."

Mo sunkún nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ilé-iṣẹ́ yẹn ju bí mo ṣe sunkún nílé ọkọ lọ. Síbẹ̀, gbogbo ohun tí mo mọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, ọwọ́ ọkùnrin yẹn ni mo ti gbà á. Ohun kan ṣoṣo tí kò kọ́ wa ni bí a ṣe ń sọ fún un pé ohun tó wí kò tọ́. Ọmọkùnrin kan tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ dán an wò lọ́jọ́ kan níwájú àlejò. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ka páálí oògùn. Àwa tó kù gbọ́n. Ẹnu àgbà ni obì ti ń gbó, a fi í síbẹ̀.

Mo dé ibi tí mi ò fẹ́ dé báyìí. Ní ọdún kẹta mi, ilé-iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ra oògùn ikọ́ ọmọdé láti Amẹ́ríkà. Wọ́n fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, orúkọ oògùn lápá kan, ọjọ́ tí agbára rẹ̀ máa tán lápá kejì. Ìlànà tiwa ni pé kí á kọ ọjọ́ ṣáájú oṣù. Tàwọn ará Amẹ́ríkà, oṣù ló ń ṣáájú ọjọ́. A ò mọ̀. Èmi ni mo ń tẹ àkọsílẹ̀ náà sínú ẹ̀rọ nígbà tí mo rí ìlà kan tí nọ́ńbà tó wà ní àyè oṣù jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Oṣù wo ló ń jẹ́ oṣù kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n?

Mo gbé e lọ bá Ọ̀gá Akínlabí. Ó wò ó fìrí.

"Àṣìṣe atẹ̀wé ni. Yọ ìlà yẹn kúrò, kó o máa bá iṣẹ́ lọ."

Mo ti ronú dé ibì kan. Mo ti ń wò ó pé bóyá ṣe ni wọ́n yí ọjọ́ àti oṣù padà, pé bó bá rí bẹ́ẹ̀, gbogbo ìlà tó kù náà ló ti dorí kodò, tí a ò kàn lè rí i. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀fun mi. Mo wo bírò pupa lápò ọ̀gá mi.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Oògùn tó yẹ kó kúrò lórí àtẹ lọ́jọ́ kẹjọ oṣù kẹta, ètò wa kà á sí ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ. Oṣù márùn-ún la fi ń rán oògùn tó ti kú sí àwọn ìlú. Èyí tó ṣì dára, a kó o jọ, a dáná sun ún, a sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé iṣẹ́ ti parí.

Nọ́ọ̀sì kan láti Iléṣà ló tú àṣírí náà. Obìnrin náà kò kọ lẹ́tà. Ó wọ mọ́tò wá sí Ìbàdàn, ó sì gbé ìgò oògùn kalẹ̀ lórí tábìlì Ọ̀gá Akínlabí, nínú ọ̀rá dúdú. Wọ́n kọ orúkọ oṣù sí ìdí ìgò náà ní kíkún, kedere.

"Ọmọ mẹ́ta ni mo ti fún ní èyí kí n tó wo ìdí rẹ̀," ló wí. Kò pariwo. "Ẹ sọ fún mi ohun tí mo máa sọ fún àwọn ìyá wọn."

Ọ̀gá mi yí ìgò náà lọ́wọ́, ó ka ìdí rẹ̀. Nígbà tí obìnrin náà jáde, ó pè mí.

"Ṣé o rí i nígbà yẹn?"

"Mo rí i, sà. Mo mú un wá bá yín. Ẹ ní àṣìṣe atẹ̀wé ni."

"Ṣé o gbà bẹ́ẹ̀?"

"Rárá, sà."

"Kí lo wá sọ fún mi?"

"Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó sì gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò náà. Ó ní, "Èmi ni mo kọ́ ọ ní bẹ́ẹ̀ ni sà yẹn." Kò bú mi. Ì bá bú mi, ì bá tẹ́ mi lọ́rùn. Ó gba gbogbo ẹ̀bi níwájú àwọn ọ̀gá àgbà, kó tó di òpin oṣù ó ti kúrò níbẹ̀.

Wọ́n pín wa sínú mọ́tò láti lọ kó oògùn náà padà. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà bọ́ sọ́wọ́ mi. Láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, mò ń ka ìdí ìgò, mò ń bi wọ́n pé ìgò mélòó ni wọ́n ti tà, ta ló rà á. Ọ̀pọ̀ kò rántí. Ìyá kan ní Iléṣà ní ọmọ òun mu ún, ikọ́ náà kò lọ bọ̀rọ̀, ó sì wá lọ. Mo bá a yọ̀. Mi ò gbọ́ pé ọmọ kankan kú. Títí di òní, mi ò sì mọ̀ bóyá kò sí. Ìbẹ̀rù tó wọ̀ mí lára nínú mọ́tò yẹn kò tíì jáde, òun ló ń jí mi láàárọ̀ ju àkùkọ lọ.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Kọ̀ǹpútà kúrò ní yàrá, ó dé orí tábìlì, ó wá dé orí itan. Ìwé tí à ń fi pẹ́ńsù kọ di ohun ìtàn. Mo kọjá sí ilé-iṣẹ́ ńlá mìíràn tó ń ṣe ètò fún àwọn ilé ìwòsàn, tó ní òṣìṣẹ́ níbí àti ní Ìlú Ọba, mo sì bá àṣà mìíràn pàdé. Orúkọ ni gbogbo wọn fi ń pe ara wọn. Ó tó ọdún kan gbáko kí ahọ́n mi tó gbà láti pe ọkùnrin tó jù mí lọ lórúkọ, bí mo bá sì ti pè é, màá rọra tẹ orí ba. Kóòdù ẹnikẹ́ni, ìyẹn ètò tó kọ, kò sì gbọdọ̀ wọ inú ẹ̀rọ àfi bí ẹlòmíràn bá kà á tó fọwọ́ sí i. Ọmọ tó dé lánàá lè dá iṣẹ́ ọ̀gá padà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo rò pé ìjà máa ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá náà ní, "O ṣeun," ó lọ tún un ṣe. Mo rántí Ọ̀gá Akínlabí, omi bọ́ lójú mi.

Nígbà tí àrùn kòrónà dé tí gbogbo wa ń ṣiṣẹ́ láti ilé, mo kó wá sí Ìdó-Ọ̀ṣun, wọ́n sì fi mí sára àwọn tó ń fọ̀rọ̀ wá àwọn ọmọ tuntun lẹ́nu wò lójú ẹ̀rọ. Mo ní ìdánwò kan tí mo fi ń mọ ẹni tí mo fẹ́. Bí ọmọ bá ń kọ kóòdù lọ dáadáa, màá dá sí i, màá sọ ohun tí kò tọ̀nà pẹ̀lú ojú àgbà. Ẹni tó bá jiyàn, ó yege. Ẹni tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni mà, ó ti lọ. Mo rò pé ọmọ àwọn ìyá ní Iléṣà ni mò ń dáàbò bò.

Ọmọkùnrin kan wà, Dáre, ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Kóòdù rẹ̀ mọ́ tónítóní. Mo sọ irọ́ mi fún un. Ó wo ojú mi lórí ẹ̀rọ, ó sì rọra pa èyí tó tọ́ rẹ́, ó kọ èyí tí mo sọ. Àwọn tí a jọ ń ṣe é ní òun ló dára jù lọ́sẹ̀ yẹn. Mo ní rárá.

Ó lé ní ọdún kan lẹ́yìn náà, mo lọ wá ìwé ilẹ̀ mi sí ọ́fíìsì ìjọba ní Àbẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń wá fáìlì fún mi ń wò mí ṣáá. Ohùn rẹ̀ ni mo fi mọ̀ ọ́n.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà. Ẹ̀yin lẹ fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò nígbà yẹn."

Ojú tì mí. Mo bi í ní ohun tó ti wà lọ́kàn mi. "Dáre, ṣé o ò mọ̀ pé ohun tí mo sọ kò tọ̀nà ni?"

"Mo mọ̀, mà."

"Kí ló dé tó o fi pa tìẹ rẹ́?"

Ó dojú bolẹ̀. "Mo rò pé ẹ fẹ́ wò ó bóyá wọ́n kọ́ mi nílé ni, mà. Ẹ jọ ìyá mi."

Inú táksí tó gbé mi padà ló ti yé mi. Mo ti fi ìwà ọmọlúàbí dá ọmọ ọlọ́mọ lẹ́bi. Mo kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ pé kí wọ́n tún pè é. Wọ́n ní àyè ti kún. Mo wá pa ìdánwò mi tì. Láti ọjọ́ yẹn, kí n tó bi ọmọ ní ohunkóhun, màá kọ́kọ́ sọ fún un pé, "Bí mo bá sọ ohun tí kò tọ́, ọ̀wọ̀ tí mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ ni kó o sọ fún mi." Ìgbà yẹn náà ni mo rántí pálọ̀ bàbá mi. Àwọn baba wa kò ní kí ọmọdé yadi. Wọ́n ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún un, wọ́n kọ́ ọ ní bó ṣe máa kan ilẹ̀kùn, wọ́n sì sọ ohun tí àgbà gbọ́dọ̀ wí fún un bó bá wọlé. Èmi ni mi ò kan ilẹ̀kùn ní Ìbàdàn.

Ohun tí mo fi kọ́ Tóóní nìyẹn nígbà tó ní iṣẹ́ yìí lòun fẹ́. Nísinsìnyí, ẹ̀rọ ló ń bá wọn kọ kóòdù. Ó máa ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń rán ọmọ níṣẹ́, ẹ̀rọ náà á sì kọ ojú ìwé mẹ́wàá kí n tó rí awò ojú mi. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù lára rẹ̀ ni pé òun náà kì í jiyàn. Ohunkóhun tí ọmọ yẹn bá wí, ó ní òun gbà. Mo sọ fún Tóóní pé, "Bí ẹ̀rọ bá ti ń wí bẹ́ẹ̀ ni sà, ìwọ ló kù tó máa wí rárá."

Ilé mi ló ti ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó kẹ́yìn, nítorí iná tèmi kì í ṣẹ́jú. Lẹ́tà náà ní aago mẹ́wàá àárọ̀ lọ́jọ́rú, aago ti Ìlú Ọba. Mo ṣírò rẹ̀, mo kọ "AAGO MỌ́KÀNLÁ" gàdàgbà sórí ìwé, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ fíríìjì. Mi ò sùn dáadáa. Láàárọ̀ ọjọ́ náà mo se mọ́ínmọ́ín, mo fi ẹ̀kọ tì í. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, ọmọ náà kò tíì fọwọ́ kàn án.

"Mọ́mì, mo fẹ́ wọlé lọ jókòó."

"Wákàtí kan ààbọ̀ ló kù. Jẹun."

"Ó dà bíi pé aago mẹ́wàá ni, mà."

"Aago mọ́kànlá ni. Ọdún mélòó ni mo fi bá àwọn èèyàn yẹn ṣiṣẹ́? Mẹ́wàá wọn, mọ́kànlá wa ni. Àbí o fẹ́ kọ́ mi ní aago kíkà ni?"

"Rárá, mà."

Ó ń wo ẹ̀kọ. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó yí tábìlì po, ó sì kúnlẹ̀ níwájú mi pẹ̀lú ṣòkòtò tó ti lọ̀ fún ọjọ́ náà.

"Mọ́mì, ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Tótó ó ṣe bí òwe o. Wọ́n ti yí aago wọn síwájú ní Ìlú Ọba lọ́jọ́ Sunday. Mẹ́wàá wọn ti di mẹ́wàá wa. Àtàná ni mo ti mọ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ ni, torí pé ẹ ti kọ ọ́ sára fíríìjì."

Inú bí mi. Mi ò ní parọ́ fún yín. Èmi tí mo ti fi ọdún gbáko kọ́ ọmọ pé kó já mi nírọ́, nígbà tó já mi nírọ́, ó dùn mí dé egungun. Mo yíjú sí fíríìjì kí n má baà wò ó. Bírò pupa ni mo fi kọ ìwé náà.

Mo mú fóònù, mo wo aago Ìlú Ọba. Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú méjìdínlógójì, níbẹ̀ àti níbí. Ọdọọdún ni wọ́n máa ń yí i. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀rọ ló ń bá mi yí i, èmi kò yí i rí.

"Dìde," ni mo wí. "Mú omi dání. Wọlé."

Ó wọlé, ó tilẹ̀kùn. Mo gbé àpótí ìjókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo jókòó tì í. Ní aago mẹ́wàá gééré mo gbọ́ ohùn wọn. Wọ́n bi í ní ìbéèrè, ó ń dáhùn. Ó pẹ́. Ọkùnrin kan wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò gbọ́ dáadáa, ó sì sọ ọ́ bí ẹni tó dá ara rẹ̀ lójú. Yàrá náà pa lọ́lọ́. Mo mọ irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, mo ti wà nínú rẹ̀ rí pẹ̀lú súwẹ́tà lọ́rùn. Mo di àpótí mú.

Tóóní wá sọ̀rọ̀. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní kí ọ̀gá náà má bínú, òun kò rò pé bẹ́ẹ̀ ló rí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo rántí pé ọmọ náà ti wí tótó níwájú mi, mi ò sì dá a lóhùn. Mo dìde, mo fi ẹnu súnmọ́ ilẹ̀kùn, jẹ́jẹ́, kí wọ́n má baà gbọ́ mi nínú.

Mo ní, "Wàá rí òmíràn pa."